Agbo Mẹ́jọ, Ọrùn Kan

Ọjọ́ tí mo gbé ṣòkòtò mi lọ bá obìnrin aránṣọ kan pé kó bá mi dín ìbàdí rẹ̀ kù ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń rán an lọ, ó ń rẹ́rìn-ín lọ, títí abẹ́rẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gún un lọ́wọ́. Mo ní kí ló dé. Ó ní ìbàdí ṣòkòtò mi ló rán òun létí ọrùn ọ̀gá kan. Ẹ fara balẹ̀. Ẹ ó rí bí ìbàdí ṣe ń jọ ọrùn.

Aránṣọ yìí kì í ṣe ọmọdé nígbà tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó ti lé lógójì ọdún, ọmọ rẹ̀ àgbà sì ti ń fá irùngbọ̀n. Ọdọọdún ló máa ń rán gáùn ìkẹ́kọ̀ọ́jáde fún ọmọ ọlọ́mọ. Lọ́jọ́ kan, tí kò sí oníbàárà nítòsí, ó gbé ọ̀kan wọ̀ wò níwájú dígí. Kò fún un níbì kankan. Ó yí síhìn-ín, ó yí sọ́hùn-ún, ó bọ́ ọ, ó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, ó sì lọ forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ìyá rẹ̀ ni yóò máa bá a wo àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ìyá náà kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní, "Ọdún kan ni mo fún ọ. Bí o bá yege, mo ń bá ọ wo ọmọ lọ. Bí wọ́n bá lé ọ, kí o padà sídìí ẹ̀rọ rẹ, kí gbogbo wa sinmi." Òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tí kò bá jókòó fún ìdánwò sáà àkọ́kọ́, ilé yá. Ìdánwò yẹn ni ohun gbogbo rọ̀ mọ́, bí aṣọ ṣe ń rọ̀ mọ́ ìṣó kan ṣoṣo.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò dára. Kíláàsì tóbi bí ilé ìpàdé. Ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn kò rí ju ìpàkọ́ ẹni tó wà níwájú lọ. Olùkọ́ ìṣirò ló kọ́kọ́ rí i pé àwọn tuntun ń sọnù. Obìnrin kúkurú kan ni, ẹfun ìkọ̀wé a máa wà nínú irun rẹ̀ nígbà gbogbo. Ó ṣa àwọn kan jọ sábẹ́ àtẹ̀gùn. Aránṣọ wà níbẹ̀. Ọmọ káfíńtà wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ọmọ tó sùn sọ̀rọ̀ lọ, tí ilé wọn sì jìnnà dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń yí padà. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà, nítorí bí òjò bá ń rọ̀, á bá òjò jiyàn. Àwọn mélòó kan tún wà pẹ̀lú wọn. Kíláàsì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Ohun tí ẹnì kan kò bá gbọ́, ẹnì kejì á ti gbọ́ ọ. Bí ẹnì kan kò bá sì wá lónìí, àwọn yòókù á wá a lọ sílé. Ohun tó mú ibẹ̀ dùn nìyẹn. Aránṣọ kò mọ ìṣirò rí ju ti téèpù ọrùn rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kó tó pẹ́, ó ti ń gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.

Olùkọ́ ìṣirò wá ṣe àṣìṣe kan. Ó lọ sọ fún ọ̀gá.

Ọ̀gá Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kìíní ni ọkùnrin náà. Kò ga ju ẹlòmíràn lọ, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kọjá, á bẹ̀rẹ̀, kí àwọn èèyàn lè rò pé ó ga. Ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, bí ẹni rán an ṣáájú kó lọ kéde òun. Kì í sọ gbólóhùn mẹ́ta kó má béèrè pé, "Àbí irọ́ ni mo pa?" Nítorí náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe sọ ọ́ ní Àbí-Irọ́. Ó ní igbákejì kan, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí a sì mọ̀ mọ́ ọn ni láti dáhùn pé, "Òótọ́ ni, sà." Wọ́n ń pe òun ní Òótọ́-Ni. Bí ọ̀gá bá sín, òótọ́ ni, sà. Bí ọ̀gá bá ní òjò ti dá, tí omi sì ń kán tó láti etí igbákejì, òótọ́ ni, sà.

Olùkọ́ ìṣirò ṣàlàyé fún Àbí-Irọ́ pé agbo ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń pe irú nǹkan báyìí, pé níbi púpọ̀ ni wọ́n ti ń fi í gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun là, pé ìpàdé kan tilẹ̀ ń bọ̀ lórí rẹ̀ ní ìlú kejì. Etí ọ̀gá kò gbọ́ agbo, ìpàdé nìkan ló gbọ́. Ó lọ. Ó jókòó níwájú níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ sí i lára, oúnjẹ ọ̀sán sì ti wọlé dáadáa. Oorun gbé e kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó kí àwùjọ tán. Ìgbà tó jí, ẹni náà ń sọ pé, "... nítorí wọ́n ń ṣe é pọ̀." Àbí-Irọ́ pàtẹ́wọ́ ju gbogbo èèyàn lọ. Ohun tó gbé bọ̀ wá sílé nìyẹn: wọ́n ń ṣe é pọ̀.

Ó pe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní jọ sí gbọ̀ngàn.

Ó ní, "Ẹ̀yin ewé tútù orí igi ìmọ̀! Ẹ̀yin ẹyin tí èmi adìyẹ ńlá sàba lé lórí! Ṣáájú mi, òkùnkùn ni. Lẹ́yìn mi... kò sí ẹ̀yìn mi, nítorí n kò tíì lọ síbì kankan. Àbí irọ́ ni mo pa?"

"Òótọ́ ni, sà."

"Mo ti la òkè, mo ti la odò, n kò fi ojú kan oorun, nítorí yín. Mo sì ti ṣàwárí nǹkan kan. Orúkọ rẹ̀ ni agbo ẹ̀kọ́. Èmi ni mo bí i. Láti òní lọ, agbo mẹ́jọ ni ẹ ó jẹ́."

Lábẹ́ àtẹ̀gùn, ojú kan ni wọ́n fi ń wo ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́. Ojú mìíràn ni ọ̀gá fi wò ó. Ó ní kí gbogbo wọn máa bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá fẹ̀yìn ti ògiri. Òótọ́-Ni mú ẹfun, ó ń fàlà sókè orí wọn. Àwọn tó kúrú jù lọ lọ sí agbo kìíní, àwọn tó ga jù lọ lọ sí agbo kẹjọ.

Olùkọ́ ìṣirò dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà la máa ń kó pọ̀. Kì í ṣe àwọn tó ga bákan náà."

"Olùkọ́, ṣé ẹ ti rí fọ́tò tí ẹnì kan ti ga tí ẹnì kejì rẹ̀ kúrú? Ojú á máa ro ẹni tó ń wò ó. Àbí irọ́ ni mo pa?"

"Òótọ́ ni, sà."

Báyìí ni wọ́n ṣe tú agbo abẹ́ àtẹ̀gùn ká. Ọmọ káfíńtà bọ́ sí agbo kìíní. Aránṣọ àti Lọ́yà, tí wọ́n ga bí òpó, bọ́ sí ìkẹjọ. Ọ̀gá fún agbo kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì tirẹ̀, ó wá gbé òfin kalẹ̀: ohun gbogbo, pọ̀. Ẹnì kan kò dé, ẹnikẹ́ni kò wọlé. Ẹnì kan jáde, gbogbo agbo jáde. Agbo tí ilẹ̀kùn bá sì tì mọ́ níta lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìdánwò di ti ọdún mìíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ara ọ̀dọ́kùnrin kan ní agbo karùn-ún kì í gba omi tútù. Bó bá ti mu ún, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Gbogbo agbo karùn-ún á dìde, wọ́n á tò tẹ̀lé e, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń sin òkú, wọ́n á tún tò padà. Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn nípa ìwà àwọn ọba àtijọ́ kò tíì kọjá ọba kìíní títí sáà fi dé ìdajì. Ní agbo kẹta, wọ́n ń dáhùn ìbéèrè pọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló sì máa ń pariwo jù.

Èmi àti aránṣọ rẹ́rìn-ín títí dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ibà mú ọmọ káfíńtà.

Ó wà nílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ilẹ̀kùn sì ń tì mọ́ agbo kìíní. Kò sí ẹni tó wá a lọ sílé mọ́. Ohun tí òfin fi kọ́ wọn ni pé ìpalára ni ẹni tí kò bá wá. Nígbà tó fi padà dé, tó rù bí igi gbígbẹ, ìdánwò ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo agbo náà. Aránṣọ rí i níbi tó ti ń kọjá lọ́dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ agbo rẹ̀ wò ó bí ẹni tó jí nǹkan wọn. Ní ọjọ́ kejì, ó kó ìwé rẹ̀ sínú àpò, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó lọ.

Ẹ̀rù wá ba aránṣọ, nítorí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ní ikọ́ èémí. Àárọ̀ ni ikọ́ náà máa ń dé, kò sì sí ìyá tó lè fi ọmọ tí kò rí èémí mí sílẹ̀ kó sáré bọ́ọ̀sì. Ó ti pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilẹ̀kùn ti tì mọ́ agbo kẹjọ nítorí rẹ̀. Ó kù ẹ̀ẹ̀kan.

Ó lọ bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì. Pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ tí wọ́n kọ gbogbo oyè rẹ̀ sí, àlejò sì gbọ́dọ̀ kà á sókè tán kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ẹnì kan wá láti sọ fún ọ̀gá nígbà kan pé páìpù omi ti bẹ́. Ó ka oyè, ó ka oyè. Kó tó kà á tán, omi ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Aránṣọ kà á tán. Ilẹ̀kùn ṣí.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ọmọ mi ní ikọ́ èémí. Bí ó bá dé sí i láàárọ̀, mo ní láti dúró tì í. Ẹ jẹ́ kí ìyà mi jẹ́ tèmi nìkan, kí ẹ má fi jẹ àwọn ọmọ ọlọ́mọ."

"Ikọ́ náà, ṣé akẹ́kọ̀ọ́ wa ni?"

"Rárá, sà."

"A jẹ́ pé òfin wa kò mọ̀ ọ́n. Àbí irọ́ ni mo pa?"

"Òótọ́ ni, sà," ni Òótọ́-Ni wí láti ẹ̀yìn àga.

Ìgbà yẹn ni ojú ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bọ́ sí téèpù tó wà lọ́rùn aránṣọ. "Aránṣọ ni ọ́? Dìde, dìde. Ọlọ́run ló rán ọ wá." Ó ní Ìgbìmọ̀ ń bọ̀ wá wo agbo ẹ̀kọ́ òun, Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ló sì máa ń yan Ọ̀gá Pátápátá fún kọ́lẹ́ẹ̀jì. Òun fẹ́ kí agbo kọ̀ọ̀kan ní ọ̀já tí wọn yóò máa gbé kọ́rùn, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. "Tèmi ńkọ́? Àwọ̀ wo ló yẹ mí?"

Òótọ́-Ni rọra wúkọ́. "Sà, baba wo ló ń yan ọmọ kan láàyò? Ẹ gbé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kọ́rùn. Kí ẹ sì di ọmọ agbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Kí Ìgbìmọ̀ mọ̀ pé kò sí agbo tí ẹ kò sí nínú rẹ̀."

Ojú ọ̀gá kún fún omijé. Kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tó ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Aránṣọ na téèpù yí ọrùn rẹ̀ ká. Ọrùn náà nípọn, àyè tí ọ̀já mẹ́jọ yóò gbà sì tó ìbàdí àgbàlagbà. (Ẹ rántí ṣòkòtò mi.) Ó ń wọ̀n ọ́n, ó sì béèrè bí ẹni tó ń béèrè gígùn apá aṣọ: "Sà, ṣé ọmọ agbo bíi tiwa yìí lẹ ó jẹ́, àbí ti fọ́tò?"

"Ti fọ́tò kẹ̀! Èmi? Ọmọ agbo gidi! Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn!" Ó kọjú sí igbákejì rẹ̀. "Lọ kọ ọ́ sára ògiri lọ́la, kí gbogbo ayé kà á."

Nígbà tí aránṣọ ròyìn fún Lọ́yà, Lọ́yà dákẹ́, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí i ṣe rí. Ó wá ní, "Màmá, ẹ tún un sọ. Ó ní ọmọ agbo gidi?"

"Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn."

"Ẹ rán ọ̀já yẹn dáadáa o, màmá. Ẹ fi òwú líle rán an."

Òwú líle náà ló fi rán an. Ọ̀já parí, ìkéde gun ara ògiri, ó ku ilẹ̀ mọ́ kí Ìgbìmọ̀ dé.

Ilẹ̀ sì mọ́ pẹ̀lú ikọ́. Ìyá aránṣọ ní kó máa lọ, pé òun á mójú tó ọmọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà di ìka rẹ̀ mú, èémí sì ń súfèé láyà rẹ̀ bí omi tó fẹ́ hó. Kó tó rọlẹ̀, bọ́ọ̀sì ti lọ. Ó gun òmíràn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sáré, bàtà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan wà lẹ́sẹ̀. Gbogbo ohun tó ń rò ni àwọn ọmọ agbo rẹ̀, bí ojú wọn yóò ṣe rí, bí ti agbo kìíní ṣe rí sí ọmọ káfíńtà. Ó ti pinnu ohun tí yóò sọ fún ìyá rẹ̀. Ó ti ń ronú ibi tó kó epo ẹ̀rọ ìránṣọ sí.

Ó yà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì bá gbogbo wọn níta. Agbo kẹjọ wà níta, ọ̀já pupa lọ́rùn wọn.

"Ẹ forí jì mí," ni ó wí. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ forí jì mí."

Lọ́yà gba bàtà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ fara balẹ̀, màmá. Kì í ṣe ẹ̀yin là ń dúró dè."

Ó gbójú sókè. Agbo keje wà níta. Agbo kẹfà wà níta. Títí dé ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú ilẹ̀kùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní dúró jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu. Àwọn olùkọ́ jókòó nínú kíláàsì òfìfo. Olùkọ́ ìṣirò fi ìwé bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ìgbìmọ̀ yọ. Àgbà obìnrin kan tó ti fi iṣẹ́ agbẹ̀bí fẹ̀yìn tì ni Alága wọn, ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́, kì í sì yára gbàgbọ́. Àbí-Irọ́ ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀já mẹ́jọ lọ́rùn, bí okùn tí wọ́n sá aṣọ sí. Àgbọ̀n rẹ̀ kò rí ibi gbà sọ̀ kalẹ̀ mọ́, òkè ló ń wò.

"Màmá Alága," ló ń wí, "agbo mẹ́jọ lẹ ó rí yìí. Èmi ni ọmọ agbo kọ̀ọ̀kan. Mo ń bá wọn jókòó, mo ń bá wọn dìde. Àbí irọ́ ni mo pa?"

"Òótọ́ ni, sà."

Màmá Alága wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Kí ni àwọn ọmọ yìí ń ṣe níta?"

Lọ́yà dọ̀bálẹ̀, ó dìde. "Òfin ni, mà. Ẹnì kan kò dé, ẹnikẹ́ni kò wọlé. Ọmọ agbo wa kan ni kò tíì dé."

"Ta ni?"

"Ọ̀gá wa ni, mà."

Àbí-Irọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní eyín. Ó ní ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ó wọ kíláàsì kìíní. Agbo kìíní wọlé tẹ̀lé e, wọ́n jókòó. Ó ní ṣé ẹ rí i? Ó jáde kó lọ sí ìkejì. Agbo kìíní dìde, wọ́n tò tẹ̀lé e jáde. Ó ní kí wọ́n padà. Wọ́n ní, "Ẹnì kan jáde, gbogbo agbo jáde, sà." Ó wọ ìkejì, ìkejì wọlé. Ó jáde, ìkejì jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sáré, bóyá bí ẹsẹ̀ bá yá, òfin kò ní rí i. Ikùn rẹ̀ ṣáájú, ọ̀já ń fẹ́ lẹ́yìn. Ó wọ ìkẹta, ó jáde ní ìkẹrin, agbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń wọlé, wọ́n ń jáde, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rí bí ilé oyin tí ẹnì kan fi igi tọ́. Ní ẹnu ọ̀nà ìkẹfà, ọ̀já aláwọ̀ ewé kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn. Òwú líle ni. Kò já. Ilẹ̀kùn dì í mú ní ọrùn bí ẹni mú ewúrẹ́ tó jẹ iṣu.

Ibẹ̀ ni Màmá Alága ti fi ọ̀pá rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ta ló ṣe òfin yìí?"

"Màmá, òfin yìí kò kan èmi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló wà fún."

"Ṣé ẹ kì í wá ṣe ọmọ agbo ni?"

"Ọmọ agbo ni mí! Ṣùgbọ́n..."

"Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni wà tí òfin yìí ti lé lọ sílé?"

Aránṣọ ló dáhùn, bàtà kan ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ọmọ káfíńtà ni, mà. Ibà ló ṣe é. Ó mọ ìṣirò jù mí lọ."

Màmá Alága dúró wo ọkùnrin tí ilẹ̀kùn dì mú. Ọkùnrin náà na ọwọ́ méjèèjì, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè bí ti gbọ̀ngàn. "Gbogbo ohun tí mo ṣe, ìfẹ́ àwọn ọmọ yìí ni mo fi ṣe é. Agbo yìí, èmi ni mo bí i. Kò sí ọmọ kan tó sọnù lọ́wọ́ mi. Àbí irọ́ ni mo pa?"

Òótọ́-Ni wo ọ̀gá rẹ̀. Ó wo Màmá Alága. Ó tún wo ọ̀gá, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ọ̀pá ọwọ́ Màmá. Ọkùnrin náà kì í ṣe òmùgọ̀.

Ó fi ohùn kan náà tó ti ń lò láti ọjọ́ yìí wá sọ pé, "Irọ́ ni, sà."

Ìgbìmọ̀ wọ́gi lé òfin náà kí oòrùn tó wọ̀. Gbogbo agbo jókòó fún ìdánwò, tó fi dé agbo kìíní. Aránṣọ yege, ìyá rẹ̀ sì ń bá a wo ọmọ lọ, ó ń kùn, ṣùgbọ́n ó ń wò ó. Àbí-Irọ́ di olùtọ́jú yàrá tí wọ́n ń kó àwọn àga tó ti ṣẹ́ sí. Níbẹ̀, gbogbo ẹni tó yẹ kó wà ló máa ń wà lójoojúmọ́, òun nìkan. Òótọ́-Ni ṣì wà ní ọ́fíìsì. "Òótọ́ ni, mà" ló ń wí báyìí.

Lẹ́yìn ìdánwò, aránṣọ àti Lọ́yà wọ bọ́ọ̀sì dé ibi tó ti ń yí padà. Wọ́n bá ọmọ káfíńtà ní ìsọ̀ bàbá rẹ̀, ó ń ha pákó, eruku igi kún irun rẹ̀. Ó kí wọn dáadáa, ó gbé àga fún wọn.

Aránṣọ ní, "A wá mú ọ padà ni."

Ó wo pákó tó wà níwájú rẹ̀. "Ẹ ṣé, màmá. Ẹ pẹ́ díẹ̀."

Ó sì ń ha pákó rẹ̀ lọ.

Ohun tó sọnù nìyí. Ìdajì sáà ẹ̀kọ́. Ọ̀já mẹ́jọ, tí wọ́n ń fi nu pátákó ìkọ̀wé báyìí. Ipò ọkùnrin kan. Agbo kan tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ọmọbìnrin kan.